Wọ́n Ń Múra Ni

Ohun tẹ́ ẹ ti ń fura sí náà ni: kò sí nǹkan kan tó ń pọ̀ sí i nínú ìgò tí ọkùnrin yìí gbin sẹ́ẹ̀lì awọ ara sí. Gbogbo láàbù ló mọ̀. Òun nìkan ló gbé àga dí ẹnu àpótí tó ń mú ìgò náà móoru, tó ká apá mọ́ àyà, tó ní àfi kí wọ́n gbé òun àtàga jáde pọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," ni ọ̀gá láàbù wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Obìnrin yìí jẹ́ àbúrò rẹ̀ níléèwé, ó wá di ọ̀gá rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀rọ̀ náà kò sì tíì dùn mọ́ ẹ̀gbọ́n nínú rí. "Ẹ jẹ́ ká da ìgò yìí nù. Àwọn yàrá kejì ti ń retí àpótí yìí tipẹ́."

"Kí wọ́n máa retí lọ."

"Awọ ara tẹ́ ẹ fẹ́ fi bo egbò iná fáwọn aláìsàn dà? Sẹ́ẹ̀lì tẹ́ ẹ gbìn ò tíì di méjì."

"Wọ́n ń múra ni!" Mo-Ti-Wí-Bẹ́ẹ̀ (orúkọ tí wọ́n ń pe Ẹ̀gbọ́n lẹ́yìn rẹ̀ nìyẹn) na ìka sókè bíi pé kíláàsì kún iwájú rẹ̀. "Ṣé o rò pé sẹ́ẹ̀lì kàn ń là sí méjì bí igi ìdáná ni? Ó máa kọ́kọ́ jẹun, kó dàgbà. Á wá ṣe ẹ̀dà gbogbo àbùdá rẹ̀, kí ọmọ méjèèjì lè rí tiwọn mú lọ. Á tún yẹ ẹ̀dà náà wò; tí àṣìṣe bá wà níbẹ̀, á dúró tún un ṣe. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó pín. Ṣebí èmi ni mo kọ́ ẹ!"

"Ẹ kọ́ mi lóòótọ́, sà. Àmọ́ ẹ̀dà kí ni wọ́n ń ṣe látoṣù tó kọjá? Ẹ̀dà ìtàn gbogbo ayé?"

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín nídìí síńkì. Ẹ̀gbọ́n yíjú; onítọ̀hún yára bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ife tó ti mọ́.

"Tí wọn ò bá pọ̀ sí i títí ọjọ́ Ẹtì," ni ọ̀gá wí, "mo máa gbé àpótí fún wọn, iṣẹ́ yìí sì parí nìyẹn."

"Wàá gbé èmi náà mọ́ ọn!"

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ìyàwó Ẹ̀gbọ́n pè é lórí fóònù. "Bàbá wọn, ẹ wá jẹun. Sẹ́ẹ̀lì tó bá kọ̀, kó máa kọ̀ lọ."

"O ò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀."

"Mo mọ̀ pé kò sóhun tó ń ṣẹlẹ̀."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, omi inú ìgò náà, tó máa ń mọ́ gaara, ti rú bí omi ògì. Ẹ̀gbọ́n kán díẹ̀ sábẹ́ maikirosikóòpù, ó wò ó, ó fò sókè. Wọ́n kún fọ́fọ́!

"Mo ti wí bẹ́ẹ̀!" Ó pe gbogbo láàbù, ó ránṣẹ́ pe àwọn yàrá kejì, ó ya fọ́tò. Ó ní kí ọ̀gá tọrọ àforíjì lójú gbogbo ayé, kó sì sọ ọ́ sókè.

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó pẹ́. Kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n, sẹ́ẹ̀lì awọ ara máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ, á lẹ̀ mọ́ ìdí ìgò. Àwọn wọ̀nyí ń léfòó. Wọ́n rí roboto bí ẹyin, wọ́n sì ń yọ kókó lẹ́gbẹ̀ẹ́."

"Kí wọ́n pín bó ṣe wù wọ́n! Ṣáà ti sọ pé wọ́n ń pín!"

"Wọ́n ń pín, sà. Ẹ tún wò ó."

Ó tún wò ó. Ìwúkàrà ló ti yọ́ wọ inú ìgò náà, irú èyí tó ń mú búrẹ́dì wú.