A Kì Í Jà Lórí Aró

Ọjọ́ tí Fàtíù mọ̀ pé ẹnu ìyá rẹ̀ àti ti àbúrò rẹ̀ á wà ní dídì ló mú katakata wá sí Lákọwé.

Kò sí ọmọ aláró tí kò mọ òfin yẹn. A kì í jà lórí aró. Bí ariwo ìjà bá bọ́ sínú ìkòkò, aró náà ò ní í mú. Aṣọ á funfun níbìkan, á dúdú níbìkan.

Àrínọlá àbúrò rẹ̀ wà nídìí ìkòkò pẹ̀lú Ìyá, aró dé ìgúnpá àwọn méjèèjì. Aṣọ tí Àrínọlá ń rì bọ inú rẹ̀ kì í ṣe aṣọ lásán. Obìnrin ilé-iṣẹ́ kan ní Igbó Ẹfọ̀n ń bọ̀ wá gbé e nírọ̀lẹ́, wọ́n fẹ́ fi kọ́ sára ògiri. Ọgbà ìyá rẹ̀ ló wà lára aṣọ náà, ebè kan sí ojú kan. Ó ti kọ́kọ́ lóṣòó ti ẹ̀fọ́, ó ń ti ìyẹ́ adìẹ bọ ẹ̀kọ lááfún tí aró kì í wọ̀, ó ń ya ohun tó rí. Ibi tí tata ti jẹ ewé, ó ya ihò rẹ̀. Kò lè ya ohun tí kò rí. Ó ti gbìyànjú ẹ̀ rí ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ajah. Ewé tó yà jọ ṣíbí.

Ọgbà yìí náà ni Fàtíù fẹ́ kọ́ yàrá sí fún àwọn òṣìṣẹ́ tó ń kọ́lé nítòsí. Ìyá ti ní òun á rò ó. Fàtíù pe ìyẹn ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Màámi," ó ní, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹni tí kò bá fẹ́, kó wí."

Wọn ò wí.

Gbàdàmọ́sí tó ń wa katakata, ọmọ Ìkirè tó wá ṣiṣẹ́ jẹun, ń wò wọ́n látòkè. "Brọ̀dá, ṣé wọ́n yadi ni?"

"Wọn ò yadi. Wọ́n ti gbà ni. Ó yá, wọlé!"

Ewúro ló kọ́kọ́ lọ. Ó wó tòun ti gbòǹgbò. Ebè elégédé ló kàn. Bí òun bá pariwo, aṣọ bàjẹ́. Bí òun ò bá pariwo, kí ni òun á tún máa yà? Ó la ẹnu.

Ìyá fi ọwọ́ aró bò ó lẹ́nu.

"Kì í ṣe ẹnu tìrẹ," ó sọ wẹ́lẹ́. Ló bá yíjú. "Fàtíù! Ìwọ tí mo fi aró tọ́! O mọ ọjọ́ tí mi ò lè sọ̀rọ̀, àbí? Mo ti sọ ọ́ o! Wá gba ọgbà náà lórí mi!"

Ó rìn wọ àárín ebè elégédé, ó jókòó sílẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú katakata.

Gbàdàmọ́sí pa ẹ́ńjìnì. "Brọ̀dá, ẹ ò sọ fún mi pé wọ́n lóhùn báyìí."

"Màámi, ẹ ti ba aró jẹ́!" Fàtíù kígbe.

"Mo mọ̀."

Àrínọlá fa aṣọ jáde. Ó jáde ní àwọ̀ ewé, bó ṣe máa ń jáde. Ó dúró kí afẹ́fẹ́ sọ ọ́ di dúdú. Apá kan dúdú. Apá kejì wà bíi pé ewúrẹ́ lá a.

"Ṣé ó mú?" Ìyá bèèrè láti orí ebè.

"Kò mú, Màámi."

"Lọ mú ìyẹ́ adìẹ wá."

Àrínọlá pe obìnrin Igbó Ẹfọ̀n pé kó má wulẹ̀ wá. Ó tẹ́ aṣọ funfun mìíràn, ó lóṣòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya ewé elégédé tó wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Ìyá kò dìde. Katakata ṣì wà níbẹ̀, Fàtíù náà ò tí ì lọ.