O Kú Ìjókòó, Ghislaine

Ní Idigny, ta ni yóò kọjá lára ẹni tó ń roko láì kí i pé ẹ kú iṣẹ́? Sidonie olóko ẹ̀gẹ́ mọ ìkíni ju ẹnikẹ́ni lọ. Ṣùgbọ́n bó bá bá Ghislaine ọmọ rẹ̀ nídìí kọ̀ǹpútà, "O kú ìjókòó" ló máa ń sọ, ó sì máa ń dun Ghislaine wọ eegun. Iṣẹ́ ọmọ náà ní Kútọnu ni kó máa wá ìjì tí kò ní ìkùukùu, tí awakọ̀ bàálù ò lè fojú rí, kó sì kìlọ̀ fún wọn. Iṣẹ́ tí kò mú èèyàn làágùn, iṣẹ́ wo nìyẹn?

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n Ghislaine bímọ ní Paris, Sidonie fẹ́ lọ wo ọmọ tuntun. Ghislaine ní bí wọ́n bá jẹun tán nínú bàálù, tí wọ́n dé òkè aṣálẹ̀, kó so bẹ́líìtì rẹ̀ le, ìjì wà níbẹ̀. Ó dára náà. Sidonie pinnu pé bí bàálù bá mì, iṣẹ́ ni ọmọ òun ń ṣe. Bí kò bá mì, ìjókòó ni.

Kò lè pa á mọ́nú. Ó sọ fún Aboubakar, oníṣòwò Àjàṣẹ́ tó jókòó tì í. Ọkùnrin náà yọjú wo fèrèsé, ojú ọ̀run mọ́ bí abọ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀.

Wọ́n jẹun tán. Sidonie so bẹ́líìtì, ó di apá àga mú, ó ń bẹ Ọlọ́run pé kó jọ̀ọ́, kó mi bàálù díẹ̀. Ẹ gbọ́ àdúrà! Wákàtí kan kọjá, omi inú ife rẹ̀ ò tiẹ̀ mì. Afẹ́fẹ́ ò fẹ́ rárá, síbẹ̀ Aboubakar ti rí fùrọ̀ adìẹ. Ojú ti Sidonie, inú sì bí i sí ọmọ rẹ̀.

Ìgbà náà ni awakọ̀ sọ̀rọ̀ ní Faransé. Sidonie ò gbọ́ Faransé, ó ní kí Aboubakar bá òun túmọ̀ rẹ̀. Ọkùnrin náà wúkọ́, ó wolẹ̀.

"Màmá, ó ní wọ́n kìlọ̀ fún òun láti Kútọnu pé ìjì wà lọ́nà, lòun fi sọ̀ kalẹ̀ gba abẹ́ rẹ̀. Bàálù tó ṣáájú wa gba òkè, abọ́ oúnjẹ ń fò nínú ẹ̀ ni."

Lẹ́yìn náà ó béèrè bóyá Ghislaine ti lọ́kọ. Ọkàn Sidonie ti lọ sílé. Igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé ló ń rántí, àti bí òun ṣe máa ń pariwo mọ́ Ghislaine kékeré pé kó sọ̀ kalẹ̀. Ẹsẹ̀ ọmọ náà ò kán rí. Ta ló sì dúpẹ́ lọ́wọ́ òun rí nítorí ẹsẹ̀ tí kò kán?

Bí bàálù ti balẹ̀, kó tó béèrè ọmọ tuntun pàápàá, ó pe Ghislaine. Ọmọ náà bi í bóyá ìjì mì wọ́n.

"Kò mì wá rárá," ni Sidonie wí. "O kú iṣẹ́, ọmọ mi."