Tẹ̀tẹ̀ Ìyá Wa Dé Orí Yìnyín

Qúdrát, ṣó o ń gbọ́ mi? Mo ti tẹ ibi pupa yẹn, kásẹ́ẹ̀tì ń yí. Ó dáa. Kí n tó gbàgbé, irúgbìn tẹ̀tẹ̀ oko ìyá wa tó o dì sínú lẹ́tà lọ́dún tó kọjá, jọ̀ọ́, àbúrò mi, má rán òmíràn mọ́. Díẹ̀ ló kù kó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Jókòó, kí n ròyìn.

O mọ̀ pé mo ti kúrò níbi tí mo ti ń nulẹ̀. Iṣẹ́ tí mo rí ní Upper Marlboro báyìí, mo ń jókòó ṣe é ni. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta lórí ìdúró, o ò mọ bí àga ṣe ń dùn. Àwọn kan ló wà tí wọ́n ń lọ sí ìsàlẹ̀ ayé pátápátá, ibi tó jẹ́ yìnyín lásán, wọ́n ń lọ wo òkúta àti ẹyẹ. Wọ́n ní kò sí igi kankan níbẹ̀, koríko tó wà níbẹ̀ ò tó nǹkan, wọn ò sì fẹ́ kí àjèjì kankan lọ hù níbẹ̀. Torí náà, gbogbo kóòtù wọn, bàtà wọn, ìbọ̀sẹ̀ wọn, ọ̀dọ̀ wa ló ń kọ́kọ́ dé. Èmi àti Tóyìn á yí àpò síta, a á fi ẹ̀mú kékeré ṣa irúgbìn koríko kúrò lára wọn bí ẹni ń ṣa iná lórí ọmọ. Iṣẹ́ gidi ni o! Má rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó di ìparí oṣù kẹjọ, Jessica ọ̀gá wa bẹ̀rẹ̀ sí í rí irúgbìn kan lára aṣọ tá a ti ṣà tán. Ó kéré, ó dúdú, ó ń dán. Kóòtù mẹ́rìnlá, gbogbo wọn ló ní in! Òmíràn sì ti lọ sórí yìnyín. Jessica pè wá jọ, ó ní, "Ẹnì kan ló ń gbé e wọlé. Ọjọ́ tí mo bá mọ̀ ọ́n ni mo máa lé e lọ." Ló bá kọjú sí mi. "Mùlíkàt, ojú rẹ ló mú jù. Ìwọ ni kó o bá mi mú un."

Èmi! Wọ́n fún mi ní awò kan tó ń mú kí nǹkan kékeré tóbi lójú, àti ìwé tí mo máa kọ orúkọ ọ̀daràn sí. Qúdrát, mo ṣiṣẹ́ o. Mo gbọn irùngbọ̀n dírẹ́bà. Mo tú àpò ẹni tó ń gbé lẹ́tà wá. Mo tú irun Tóyìn.

"Ìyá Kabir! Irun tí mo jókòó wákàtí mẹ́fà fún!"

"Jókòó jẹ́ẹ́. Tó ò bá jalè, kí lò ń fi orí pa mọ́ fún?"

Mi ò rí nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ láràárọ̀ kí n tó wọ bọ́ọ̀sì ní Adelphi, mo máa ń fi ìborùn mi kọjá láàárín tẹ̀tẹ̀ tí mo gbìn sórí bálíkónì, tó ti so, mo ń bomi rin ín. Ọkàn mi ò lọ síbẹ̀ rárá. Koríko ni wọ́n ní ká wá. Ta ló ń pe tẹ̀tẹ̀ ní koríko?

Ó di oṣù kẹwàá, Jessica sáré wọlé, ojú ẹ̀ pọ́n, fótò kan wà lọ́wọ́ ẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná wọn lọ́hùn-ún, níbi tí ooru ti ń jáde, nǹkan kan ti hù. Ọkùnrin méje nínú kóòtù ńlá dúró yí i ká bí ẹni wá ṣe ìkómọ, wọ́n ti fi okùn ṣe ọgbà yí i ká.

"Wọ́n ti ṣèpàdé lórí ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta," Jessica ní. "Wọn ò mọ orúkọ ẹ̀."

Mo gba fótò náà. Qúdrát, ewé yẹn, ìdí ẹ̀ tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ yẹn! Ẹnu mi kàn já: "Háà! Tẹ̀tẹ̀ wa nìyí! Ó ti tó já! Kí ni wọ́n ń wò títí tó fi fẹ́ gbó?"

Tóyìn tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu mi.

Jessica ní, "Tẹ̀tẹ̀ ta ni?"

Mo lè purọ́. Orí Tóyìn ṣì rí wúruwùru níwájú mi, mo lè dá a lé e lórí. Ṣùgbọ́n tẹ̀tẹ̀ ìyá mi, kí n sọ pé n ò mọ̀ ọ́n rí? Mo tú ìborùn mi, mo gbọ̀n ọ́n sórí tábìlì funfun. Ó ń dún ṣẹ́ṣẹ́ṣẹ́.

"Ìwọ ni mo ní kó o mú ẹni náà," Jessica ní.

"Mo ti mú un, mà." Mo ṣí ìwé, mo kọ orúkọ ara mi sí i.

Ó ní kí n kó ẹrù mi. Mo ti ń kó o nígbà tí fóònù dún, àwọn ọkùnrin méje náà ni. Ẹ̀rù ń bà wọ́n láti tu ú, kó má lọ já kù sílẹ̀. Jessica wò mí títí, ló bá na fóònù sí mi. Mo ní, "Ẹ má fà á lórí o! Ẹ dì í mú nídìí, ẹ mì ín díẹ̀díẹ̀, tòun ti gbòǹgbò." Wọ́n tu ú. Ọ̀kan nínú wọn wá béèrè bóyá ó ṣeé jẹ. Mo ní, "Tẹ́ ẹ bá ní ata..." Jessica já fóònù gbà.

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Tẹ̀tẹ̀ ilé rẹ tàbí àga yìí. Mú ọ̀kan."

Lọ́jọ́ Sátidé, mo tu gbogbo ẹ̀. Mo se èyí tó ṣì rọ̀. Kabir bi mí kí ló ń pa mí lẹ́kún, mo ní àlùbọ́sà ni. Wọ́n ní tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sí àwùjọ ẹ̀fọ́ kankan lọ́hùn-ún, òun nìkan ló dá lọ.

Mo ṣì wà lórí àga mi, alhamdulillah. Láràárọ̀, Tóyìn ló ń fi ẹ̀rọ fa eruku lára mi láti orí dé ẹsẹ̀, kì í sì í yára ṣe é, ó ń gbẹ̀san irun ẹ̀. Ìborùn mi wà nínú ọ̀rá, wọ́n lẹ nọ́ńbà mọ́ ọn. Torí náà, sọ fún ìyá wa kó má di nǹkan kan fún mi mọ́. Kó sọ̀rọ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì nìkan, kó sọ ọ́ dáadáa, kó pẹ́. Kó o sì gbọ̀n ọ́n kó o tó fi ránṣẹ́ o, Jessica ní òun máa kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò.