Ẹ Tẹ Ibí Kí Ẹ Gbọ́

Kò sí àwọ̀ tó wu ẹ̀gbọ́n mi. Mo fi pupa hàn án, ó ní ṣé ata lòun ń tà ni. Mo fi funfun hàn án, ó ní ó ṣófo jù. Mo fi àwọ̀ ewé hàn án, kò tiẹ̀ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán, ó ní, "Gbé e kúrò níwájú mi, mi ò fẹ́ ẹ rárá." Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, èmi kọ́ ni mo ní kẹ́ ẹ kọ̀wé o. Ẹ mú ọ̀kan jàre, ojú ti ń dùn mí."

Iṣẹ́ mi ni kí n máa ṣe ojú ewé orí íńtánẹ́ẹ̀tì fún àwọn tó ń tajà. Mo ti ṣe fún oníbàtà, mo ti ṣe fún dókítà eyín, mo ti ṣe fún ọkùnrin kan tó ń tún fìríìjì ṣe tó fẹ́ kí fọ́tò òun tóbi ju ti fìríìjì lọ. Mi ò ṣe ti òǹkọ̀wé rí. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ti fowó ara rẹ̀ tẹ ìwé, àwọn ṣọ́ọ̀bù ìwé ò gbà á, wọ́n ní ta ló mọ̀ ọ́n, gbogbo ìwé náà sì wà nínú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ó wá bá mi, ó ní, "Bá mi ṣe búlọ́ọ̀gì tí àwọn èèyàn á fi mọ̀ mí. Bí èyí náà ò bá ṣiṣẹ́, mi ò kọ̀wé mọ́ láyé mi." Mo mọ ojú ẹ̀ tó bá ń ṣeré. Kò ṣeré.

Ọ̀dọ̀ mi ni Màmá wa ń gbé. Ojú rẹ̀ ti kọ iṣẹ́, òjìji lásán ló ń rí. Síbẹ̀, ìwé ẹ̀gbọ́n mi kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀, kò sì sí àlejò tó lè wọlé kó má fi hàn án. "Ọmọ mi ló kọ ọ́ o! Gbogbo ẹ̀ pátá, látinú orí ara ẹ̀." Á wá máa fọwọ́ pa ẹ̀yìn ìwé náà. Gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè tí ẹ̀gbọ́n mi bá wá kí i, á ní kó ka díẹ̀ fún òun. Ẹ̀gbọ́n mi á ní, "Tó bá yá, Màmá." Èmi náà ò tíì kà á. Ẹ má bínú, ìwé gígùn ni oògùn oorun mi.

Torí Màmá ni mo ṣe ronú kan bọ́tìnnì tí èèyàn á tẹ̀ láti gbọ́ ìwé náà. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ gbé orí kìíní ìwé náà síbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ kí àwọn èèyàn lè tọ́ ọ wò. Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká ka ohùn yín sílẹ̀. Ẹni tó ń wakọ̀ á gbọ́, ẹni tó ń fọṣọ á gbọ́. Ẹni tí ojú ẹ̀ ò ríran náà á gbọ́."

Ó ní, "Ṣé ó pọn dandan?"

Mo ní, "Ṣé ẹ fẹ́ tàwé ni àbí ẹ ò fẹ́ tà á?"

Ohùn máa ń ta padà lára ògiri yàrá mi, nítorí náà mo ní kó wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ mi, kó jókòó sáàárín àwọn kóòtù, mo fi aṣọ ìnura dí etí ilẹ̀kùn. Ó ní, "Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí, àbí o fẹ́ pa mí?" A rẹ́rìn-ín. Mo fi ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ bo etí, mo ní kó máa kà á. Ẹ̀rín yẹn ló kẹ́yìn lọ́jọ́ náà.

Ọmọbìnrin kan ló ń sọ ìtàn náà. Ìyá rẹ̀ fi í sọ́dọ̀ ìbátan kan nígbà tó fẹ́ ọkọ tuntun, torí kò sọ fún àwọn ará ilé ọkọ pé òun ti bímọ rí. Ìbátan yẹn gbé àtẹ búrẹ́dì lé e lórí, ó ní kó máa kiri. Lọ́jọ́ kan, ó rí ìyá rẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù aṣọ ọmọdé, òun àti ìyá ọkọ rẹ̀. Oyún ti yọ. Ìyá náà mú fìlà kékeré aláwọ̀ ewé kan, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ọmọ náà pè é. Kò yíjú. Ẹ̀gbọ́n mi wá ka ìparí rẹ̀ láàárín àwọn kóòtù: "Mo pè é. Mo tún pè é. Bóyá kò gbọ́. Ariwo pọ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ náà."

Mo mọ fìlà yẹn. Òun ni mo dé sórí nínú fọ́tò ìgbà ọmọ ọwọ́ mi tó wà ní pálọ̀. Èmi ni oyún yẹn. Mo mọ̀ pé ọmọ ìyá ni wá, a kì í ṣe ọmọ bàbá kan náà, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n sọ fún mi láti kékeré ni pé torí ilé ìwé ni ẹ̀gbọ́n mi ṣe gbé lọ́dọ̀ ìbátan yẹn. Ilé ìwé wo! Inú bí mi, mi ò sì mọ ẹni tí mò ń bínú sí.

Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé òótọ́ ni?"

"Ìtàn àròsọ ni. Wọ́n kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé."

"Ẹ má tàn mí, ẹ jọ̀ọ́."

Ó jókòó síbẹ̀, ó ń ká ìwé náà pọ̀. "Bí mo ṣe parí ẹ̀ yẹn ni mo ṣe gbà á gbọ́. Kò gbọ́ mi. Ìgbàgbọ́ yẹn ni mo fi ń wá kí i níbí ní gbogbo Sọ́ńdè, tí mò ń ra bàtà fún un. Tó bá jẹ́ pé ó gbọ́ ni, mi ò mọ bí màá ṣe máa wá." Ó dìde. "Gbé e síta. Orí tó dáa jù nínú ìwé náà nìyẹn. Ṣáà má jẹ́ kí Màmá gbọ́ ọ."

Èmi tí mo fẹ́ ṣe dáadáa! Mo gbé e síta, mo fi bọ́tìnnì sí i, mo kọ ọ́ sára ẹ̀ gàdàgbà pé Ẹ Tẹ Ibí Kí Ẹ Gbọ́. Mo wá ń parọ́ fún Màmá pé búlọ́ọ̀gì náà ò tíì ṣe tán.

Àwọn èèyàn gbọ́ ọ lóòótọ́. Wọ́n ń kọ̀rọ̀ sísàlẹ̀ ẹ̀. Ẹnì kan ní òun sunkún nínú ọkọ̀, ẹlòmíì ní níbo lòun ti lè rà á. Ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀gbọ́n mi á pè mí láàárọ̀, ohùn ẹ̀ á máa ta kìtì bíi ti ọmọdé, ó ti bẹ̀rẹ̀ ìwé míì. Ẹ wo bí inú mi ṣe dùn, kí ẹ tún wo bí àyà mi ṣe ń já.

Aránṣọ tó ń gbé nísàlẹ̀ ilé wa ló tú gbogbo ẹ̀ síta, kò sì mọ̀. Mo jáde lọ ra yíǹkì. Bí mo ṣe ń gun àtẹ̀gùn padà ni mo gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi láti pálọ̀ wa. Mo sáré. Aránṣọ gbé fóònù sí etí Màmá, omi wà lójú òun alára. "Ẹ gbọ́ ohùn ọmọ yín, Màmá! Ọmọ yìí mọ ìtàn-án sọ!" Ó ti dé ìparí. Mi ò lè ṣe nǹkan kan mọ́. Aránṣọ pòṣé gígùn. "Ìyá burúkú gbáà! Ẹ ò rí i bó ṣe ṣe ọmọ ọlọ́mọ? Irú wọn ò yẹ lẹ́ni à ń pè ní ìyá."

Màmá jókòó ṣánṣán, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ìwé. Ó ní, "Òótọ́ lo sọ. Bá mi tún un tẹ̀."

Láti ọjọ́ yẹn, èmi ni mò ń tẹ̀ ẹ́ fún un láràárọ̀. Ó mọ ìparí ẹ̀ sórí, ẹnu ẹ̀ á máa bá ohùn ẹ̀gbọ́n mi lọ: Bóyá kò gbọ́. Mo ní, "Màmá, ìtàn lásán ni." Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ojú mi ló fọ́ o, ọpọlọ mi ò fọ́." Oúnjẹ ò wọlé sí i lẹ́nu mọ́.

Ọjọ́ kan ló ní, "Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ sísàlẹ̀ ẹ̀ yẹn, kọ tèmi náà síbẹ̀."

"Kí ni kí n kọ?"

"Kọ ọ́ pé mo gbọ́."

Mo dìde lórí àga. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ má ṣe é. Pé ẹ ò gbọ́ yẹn ni ohun kan ṣoṣo tí ẹ̀gbọ́n mi dì mú. Tó bá jẹ́ pé dandan ni, ẹ pè é lórí fóònù, kó mọ sáàárín ẹ̀yin méjèèjì."

"Mo ti ń pè é. Tó bá ti gbé e, màá kàn bi í pé ṣé ó ti jẹun. Láti ọjọ́ tó ti padà sọ́dọ̀ mi ni mo ti ń bi í pé ṣé ó ti jẹun." Ó nu ojú. "Ìta ló ti pè mí nígbà yẹn, ìta náà ló tún ti pè mí báyìí. Tí mo bá dákẹ́, mo tún kọ̀yìn sí i nìyẹn. Kọ ọ́."

Mo ń sunkún, mo ń kọ ọ́. Ohun tó ní kí n kọ nìyí: "Èmi ni ìyá inú ìtàn yìí. Mo gbọ́ nígbà tí ọmọ mi pè mí. Mo tún gbọ́ ti ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ìyá ọkọ mi ní ọmọ ta nìyẹn, mo ní mi ò mọ̀ ọ́n." Ó ronú díẹ̀. "Fi kún un pé kí wọ́n bá mi ra ìwé ẹ̀."

Bí mo ṣe ṣe búlọ́ọ̀gì náà, ọ̀rọ̀ òǹkàwé kì í jáde síta àfi tí ẹ̀gbọ́n mi bá kà á tó sì gbà á wọlé. Mo gbàdúrà kó pa á rẹ́. Kò pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ọ̀sán ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ló tó pè.

"Ṣé ìwọ lo kọ ọ́, àbí òun ló ní kó o kọ ọ́?"

"Òun ló ní kí n kọ ọ́."

Mo gbọ́ omi tó ń ṣàn nínú ẹ̀rọ omi lọ́dọ̀ ẹ̀. Kò pa á. Ó ní, "Gé ìparí ẹ̀ kúrò. Láti 'Bóyá' lọ. Nínú ohùn àti nínú ọ̀rọ̀."

"Ọ̀rọ̀ Màmá wá ńkọ́?"

"Mo ti gbà á wọlé."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ̀ ń bọ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè?" Ó ti pa fóònù.

Mo gé e. Kò le rárá, ọwọ́ mi mọ iṣẹ́ yẹn dáadáa.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, Màmá wọ bàtà tí ẹ̀gbọ́n mi rà fún un, ó jókòó sí pálọ̀ láti àárọ̀. Nígbà tí oòrùn kúrò lójú fèrèsé, ó ní kí n tẹ ìtàn náà fún òun. Ó fi ara sílẹ̀, ó ń gbọ́. Àtẹ búrẹ́dì kọjá, ṣọ́ọ̀bù kọjá, fìlà kọjá. Mo pè é. Mo tún pè é. Ẹnu Màmá ti ṣí láti bá a sọ èyí tó kù, ilé dákẹ́.

Ó ní, "Ẹ̀rọ yẹn ti dúró."

"Kò dúró, Màmá. Ibẹ̀ ló parí sí báyìí."

Ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà, ó ń tẹ́tí.