A Ti Wò Ó

Bàálù akẹ́rù mẹ́fà ni ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfuurufú náà ní lórí ìwé, ṣùgbọ́n mẹ́rin péré ni ó lè gbéra nílẹ̀. Méjì yòókù ti di egungun ẹran tí igún ti jẹ tán: ohun tí wọ́n bá tú lára wọn ni wọ́n fi ń gba ẹ̀mí àwọn mẹ́rin náà là. Obìnrin tí ó jẹ́ olórí àwọn mẹkáníìkì, ẹni tí gbogbo ibùdó ń pè ní Àǹtí Tọ́ọ̀ṣì nítorí pé tọ́ọ̀ṣì kì í wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀, jẹ́ ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta. Ọkọ̀ Kẹrin, ọ̀kan nínú bàálù mẹ́rin náà, sì ti ń fò fún ọdún márùn-ún kí wọ́n tó bí i.

Kò tíì ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí wọ́n gbé obìnrin náà wá sí ibùdó náà. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, ó gun àkàbà lọ sí abẹ́ apá òsì Ọkọ̀ Kẹrin, ó tú páànù kékeré tí ó bo inú apá náà, ó sì tan iná sí i. Lára ọ̀pá irin ńlá tí ó gbé gbogbo apá náà dúró, ó rí ìlà dúdú kan, tín-ín-rín bí irun, gígùn rẹ̀ tó ìbú ìka mẹ́ta. Ó fi àkísà nù ún, kò kúrò. Ó fi èékánná họ ọ́, èékánná há sí i. Irin náà ti sán.

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó béèrè ìwé àbùkù. Inú ìwé yìí ni àwọn mẹkáníìkì ń kọ àìsàn ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan sí, tí wọ́n sì ń kọ ohun tí wọ́n ṣe sí i sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lóòótọ́, ní oṣù mẹ́rìnlá sẹ́yìn, ẹnì kan ti kọ ọ́ pé: "Irin apá òsì sán, ó tó ìka kan." Ohun tí ó kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni, "A ti wò ó." Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, ọwọ́ mìíràn kọ ọ́: "A ti wò ó." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́ lọ lóṣooṣù, ènìyàn márùn-ún, ìgbà mẹ́rìnlá.

Ọkàn Àǹtí Tọ́ọ̀ṣì kọ́kọ́ balẹ̀. Bí wọ́n bá ti wò ó gẹ́gẹ́ bí oníṣègùn ti ń wo aláìsàn, a jẹ́ pé wọ́n ti tọ́jú rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n níbo ni ojú ìtọ́jú náà wà? Kò sí irin tuntun tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, kò sí bóòtù tuntun kan ṣoṣo. Ìka kan sì ti di ìka mẹ́ta. Ó tẹ bàbá tí ó kọ́kọ́ kọ ọ̀rọ̀ náà láago. Bàbá náà ti fẹ̀yìn tì, adìyẹ ni ó ń sìn.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Irin apá òsì Ọkọ̀ Kẹrin, ẹ kọ ọ́ pé ẹ ti wò ó. Kí lẹ ṣe sí i gan-an?"

"Mo wò ó, ọmọ mi."

"Mo gbọ́, sà. Mo ní, kí lẹ ṣe sí i?"

"Àbí etí ń dùn ọ́ ni? Ojú mi méjèèjì yìí ni mo fi wò ó! Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi lè bá a wá irin." Àwọn adìyẹ ń ké lẹ́yìn rẹ̀. "Ṣé wọn ò tíì tún un ṣe títí di ìsinsìnyí ni?"

Àǹtí Tọ́ọ̀ṣì dúpẹ́, ó gbé fóònù sílẹ̀. Bàbá kọ "wò" ti ojú; ẹni tí ó tẹ̀ lé e ka "wò" ti oníṣègùn, ó gbà pé oògùn ti wọ ara irin, òun náà sì tẹjú mọ́ ọn díẹ̀, ó da ọ̀rọ̀ náà kọ. Olúkúlùkù yan ìtumọ̀ tí ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn, wọ́n sì lọ jẹun. Inú bí obìnrin náà gidigidi. Wíwò lásán kò tíì wo ẹnikẹ́ni sàn rí láyé!

Ní ìta, lẹ́nu ọ̀nà háńgà, ilé gàgàrà tí wọ́n ti ń tún bàálù ṣe, ọmọ ogun tuntun mẹ́rìnlélọ́gọ́ta jókòó sórí àpò wọn nínú oòrùn. Ní agogo méjì ọ̀sán, Ọkọ̀ Kẹrin ni yóò gbé wọn lọ yan níwájú mínísítà. Ẹni tí yóò sì wà á ni ẹ̀gbọ́n Àǹtí Tọ́ọ̀ṣì, ọmọ ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà kò lè kúrò lójú kan láìjẹ́ pé Àǹtí Tọ́ọ̀ṣì fọwọ́ sí ìwé pé ó yẹ fún fífò.

Ó mú ìwé àbùkù lọ bá Ọ̀gágun tí ó ń ṣàkóso ibùdó náà. Ọ̀gágun ń ro tíì. Kò gbójú sókè.

"Ènìyàn márùn-ún ló ti wò ó kí o tó dé. Ṣé afọ́jú ni gbogbo wọn, àbí ìwọ nìkan ni Ọlọ́run dá ojú fún?"

"Wọ́n rí i, sà. Wọn ò tún un ṣe."

"Láti ọdún mọ́kànléláàádọ́ta tí ọkọ̀ yìí ti ń fò, kò já rí."

"Ẹni tí kò kú rí náà ni ikú ń pa, sà."

Akọ̀wé tí ó jókòó sí kọ̀rọ̀ fi fáìlì bo ẹnu. Ọ̀gágun gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Mínísítà kì í dúró de mẹkáníìkì. Fọwọ́ sí i. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, láti ọ̀la lọ, bàtà ni wàá máa tò ní ilé ìkẹ́rùsí."

"Bàtà dára, sà. Bí bàtà bá já, ẹsẹ̀ nìkan ló ń kanlẹ̀."

Ó wo yàrá náà yíká bí ó ti ń jáde. Ẹ̀rọ amúlétutù tuntun méjì ni ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ènìyàn kan. Jíìpù tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà kò tíì pé ọdún kan. Wọn kò tilẹ̀ tíì bọ́ ọ̀rá kúrò lára ìjókòó rẹ̀. Gbogbo ohun tí ń gbé Ọ̀gágun ni ó jẹ́ tuntun. Èyí tí ń gbé ọmọ ọlọ́mọ nìkan ni ó gbó.

Ọ̀gágun kò lé e. Ẹ̀gbọ́n obìnrin náà ni ó rán sí i.

Ọkùnrin gíga ni ẹ̀gbọ́n náà, irun rẹ̀ ti funfun, àwàdà kì í sì í tán lẹ́nu rẹ̀. "Kí ni mo ń gbọ́ yìí? Ìwọ tó jẹ́ pé aláǹgbá lásán ni ò ń sá fún nílé?"

"Ògiri tí kò lanu ni aláǹgbá ò lè wọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Èyí ti lanu."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀. "Gbọ́, àbúrò mi. Èmi ni mo máa ń pọ̀n ọ́ bí Màámi bá lọ síbi iṣẹ́. Mo lẹ́nu lórí rẹ. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo ń fẹ̀yìn tì, ìrìn àjò mi tó kẹ́yìn rèé. Má dójú tì mí lójú wọn. Ogún ọdún ni mo ti ń wa ìyá àgbà yìí. Mo mọ bó ṣe ń mí."

"Torí pé ẹ pọ̀n mí ni mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Ẹ gun àkàbà yìí. Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ tí ẹ ṣì ní kí n fọwọ́ sí i, màá fọwọ́ sí i."

Ó wo ojú àbúrò rẹ̀ pẹ́, ó rí i pé kò ṣeré. Ó gun àkàbà, ó ń kùn pé orúnkún ń dun òun. Àǹtí Tọ́ọ̀ṣì na tọ́ọ̀ṣì sí i, ó sì ya bébà pélébé kan fún un.

"Ẹ ti bébà yẹn bọ inú ìlà tí ẹ ń wò yẹn."

Bébà náà wọlé. Ó ń wọlé lọ bí ẹni pé wọ́n ń ti lẹ́tà bọ inú àpótí, títí èékánná ọkùnrin náà fi kan irin. Ó fà á yọ, ó tún un tì, bí ẹni tí kò gba ojú rẹ̀ gbọ́. Nígbà tí ó sọ̀ kalẹ̀, ó di ọwọ́ àkàbà mú bí arúgbó.

"Láti oṣù mélòó?"

"Mẹ́rìnlá."

"Oṣù tó kọjá, àwọn ìyàwó ọmọ ogun àtàwọn ọmọ wọn ni mo fi gbé. Ọmọ ọwọ́ méje wà níbẹ̀." Ènìyàn ìbá rò pé ẹ̀rù ni yóò bà á, ìbínú ni ó ru bò ó lójú. "Mò ń bá wọn ṣeré lókè pé kí wọ́n má sunkún! Má fọwọ́ sí nǹkan kan."

Àǹtí Tọ́ọ̀ṣì ṣí ìwé àbùkù, ó kọ ọ́ gàdàgbà-gadagba: "Irin sán. Ẹnikẹ́ni kò tún un ṣe. Kí ẹnikẹ́ni má fi ọkọ̀ yìí fò." Inki kò tíì gbẹ tí Ọ̀gágun fi wọlé, tí igbákejì olórí mẹkáníìkì ń tẹ̀ lé e bí òjìji.

"Awakọ̀ kò tán nínú ẹgbẹ́ yìí," ni Ọ̀gágun wí. "Mẹkáníìkì náà kò tán. Ìwọ, gba ipò rẹ̀, mú bíírò. Fọwọ́ sí i."

Igbákejì yọ bíírò. Ó wo ìwé, ó wo Ọ̀gágun, ọwọ́ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ sórí bébà.

Ẹ̀gbọ́n Àǹtí Tọ́ọ̀ṣì kò bá wọn jiyàn. Ó jáde sẹ́nu ọ̀nà, ó ké: "Ẹ̀yin ọmọ! Ẹ tò sórí ìlà!"

Wọ́n fò dìde, wọ́n gbé àpò kọ́ èjìká.

"Ẹ gbé àpò yẹn sílẹ̀! Àkàbà rèé. Ẹ máa gùn ún lọ́kọ̀ọ̀kan, kí kálukú ti bébà yìí sínú irin tó fẹ́ gbé e."

"Kí lò ń ṣe yẹn?" ni Ọ̀gágun bú sí i.

"Àwọn ni ẹrù, sà. Mo ń fi ọkọ̀ han ẹrù ni."

Ẹni àkọ́kọ́ gùn ún, ó sọ̀ kalẹ̀, ó fi bébà náà lé ẹni tí ó tẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ẹnì kejì ní, "Háà!" Ọmọbìnrin kan tí fìlà rẹ̀ tóbi jù ú lọ sọ̀ kalẹ̀, ó bi Àǹtí Tọ́ọ̀ṣì pé, "Mà, èyí ni wọ́n fẹ́ fi gbé wa?" Ẹni tí ó bá ti sọ̀ kalẹ̀ kì í padà sídìí àpò rẹ̀. Ńṣe ni ó ń lọ dúró níwájú Ọ̀gágun, tí ó ń wò ó lójú. Nígbà tí wọ́n di ogún, igbákejì ti bíírò rẹ̀ bọ àpò. Nígbà tí wọ́n di ogójì, Ọ̀gágun ti wà nídìí tẹlifóònù, ó ń bẹ̀bẹ̀ fún ọkọ̀ akẹ́rù orí ilẹ̀.

Ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́ta dé ní agogo mẹ́rin. Ayẹyẹ yóò ti tán kí wọ́n tó débẹ̀, ṣùgbọ́n wọn yóò débẹ̀.

"Inú rẹ dùn wàyí," ni Ọ̀gágun wí. "Ọ̀la, ilé bàtà."

"Mo gbọ́, sà. Òní kò tíì tán."

Ó gbé àkàbà. Ọdún kan náà ni wọ́n ra Ọkọ̀ Kìíní àti Ọkọ̀ Kẹrin, ojú òfuurufú kan náà ni wọ́n sì jọ gbó sí. Ìdí Ọkọ̀ Kìíní ni ó kọrí sí.

"Ta ló rán ọ níṣẹ́ síbẹ̀?" Ohùn Ọ̀gágun kún gbogbo háńgà. "Mo ní ta ló rán ọ?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé ìdí àkàbà, òun gbé orí rẹ̀, wọ́n gbé e ti apá òsì. Bóòtù àkọ́kọ́ lára páànù rẹ̀ ti ń tú.