Ẹni Tó Ń Gbé Ilé Yìí

Ní ọ́fíìsì físà, obìnrin inú gíláàsì ti ìwé wọn padà gba abẹ́ ihò kékeré náà. "Ọkọ ló ń gbé níbí," ló wí. "Ìyàwó ńkọ́?"

Jórinjórin wo ìwé, ó wo obìnrin náà, ó wo ìyàwó rẹ̀ tó dúró tì í. Láti aago mẹ́fà àárọ̀ ni wọ́n ti wà lórí ìlà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú sínú bàtà, ojú sì ń ta á bí ẹni tó jórin láìlo awò.

"Èmi rèé, mà," ni ìyàwó fèsì. "Ó pé ọdún mẹ́fà tí mo ti ń gbé níbí."

"Ojú mi rí yín, mà. Ìwé ni kò rí yín." Obìnrin náà kò pariwo, ó hàn pé ó ti rẹ òun náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi bírò tọ́ka sí àwọn ìwé náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Àdéhùn ilé, orúkọ ọkọ. Bíìlì iná, ọkọ. Omi, ọkọ. "Òfin wa ni pé ọmọ ìlú wa tó bá fẹ́ kọ̀wé gba físà fún ọkọ rẹ̀ láti ibí, ó gbọ́dọ̀ ti gbé ibí fún ọdún kan gbáko, kó sì fi ẹ̀rí hàn. Bí kò bá sí ẹ̀rí, ẹ padà sílé, ẹ lọ kọ ọ́ lọ́hùn-ún, kí ọkọ yín máa retí yín níbí."

"Fún ìgbà wo?" ni jórinjórin bi í.

"Ó lè tó ọdún mẹ́ta, sà."

Jórinjórin kó ìwé náà jọ. Lọ́hùn-ún ni wọ́n ti bí ìyàwó rẹ̀. Torí ọkọ ló ṣe wá síbí. Lọ́dún yìí, ìyá ìyàwó náà ti ṣubú lẹ́ẹ̀mejì nínú balùwẹ̀, kò sì sí ọmọ mìíràn tí yóò gbé e dìde. Bí ọdún bá fi máa parí, ìyàwó ń lọ. Ìyẹn kò ní àríyànjiyàn nínú. Ohun tó kù ni bóyá wọn yóò jọ lọ, àbí yóò dá lọ.

"Kí ẹni tó ni ilé kọ lẹ́tà, kó fọwọ́ sí i," ni obìnrin inú gíláàsì wí. "Aago mẹ́rin la ó ti fèrèsé yìí. Bó bá kọjá òní, oṣù mẹ́jọ kí ẹ tó tún rí ààyè. Ẹ̀yin mà, ẹ má kúrò o. Wọ́n máa tó pè yín kí ẹ wá tẹ̀ka."

Ìyàwó bá yíjú sí ọkọ rẹ̀. Kò bá a wí, kò ní "ṣé ẹ rí i?" Ohun tó sọ kò ju èyí lọ: "Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ Bàbá onílé, ẹ kí wọn kí ẹ tó sọ nǹkan kan."

"Ṣé ọmọdé ni mí ni?"

"Ọmọdé máa ń kí ènìyàn," ló fèsì, ó sì lọ jókòó.

Nínú ọkọ̀, jórinjórin fi orí ti fèrèsé. Ó rántí ọjọ́ tí wọ́n kó wọlé. Bàbá onílé mú kálàmù lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ̀yin méjèèjì ni kí n kọ, àbí?" Òun ló ní rárá, orúkọ ẹyọ kan ló ń gba ilé. Nígbà tí àwọn oníná dé, ó tún wí bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé ó fẹ́ pa ìyàwó rẹ̀ rẹ́. Kíláàsì kẹrin ló ti sá kúrò ní ilé-ìwé. Orúkọ ara rẹ̀ nìkan ló lè kọ láìwo àwòkọ, ó sì ń dùn mọ́ ọn láti máa rí i lórí ìwé.

Ti Bàbá onílé wá jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ó di ọdún mẹ́rin tí jórinjórin ti ṣe géètì tuntun fún àgbàlá ilé náà. Bàbá dúró níwájú gbogbo ayálégbé, ó ní géètì wọ́, ó sì pe jórinjórin mìíràn wá tún un ṣe. Láti ọjọ́ náà jórinjórin kò kí Bàbá mọ́. Bí Bàbá bá jókòó sí iwájú ilé, á kọjá lára rẹ̀ bí ẹni kọjá lára kùkùté. Adìẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ. Síbẹ̀ jórinjórin kò sọ̀ kalẹ̀ títí ọkọ̀ fi dé ilé.

Ó kan ilẹ̀kùn.

"Ta nìyẹn?" Ilẹ̀kùn ṣí. Bàbá onílé, akọ̀wé kóòtù tó ti fẹ̀yìn tì, wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Wẹ́dà! Ṣé ilé ń jó ni?"

"Rárá, sà." Ó dọ̀bálẹ̀. Eékún rẹ̀ ké. "Ẹ kú ọ̀sán, sà."

"Ẹ̀ẹ́n, ohùn rẹ rèé. Mo ti gbàgbé bó ṣe ń dún. Dìde."

Ó ṣàlàyé. Bàbá gbọ́ ọ tán láìdá sí i, ó wá ní, "Ṣebí mo ní kí n kọ ẹ̀yin méjèèjì?"

"Ẹ sọ bẹ́ẹ̀, sà."

"Kí lo wí?"

Jórinjórin wolẹ̀.

"Wẹ́dà, kí lo wí?"

"Mo ní orúkọ ẹyọ kan ló ń gba ilé."

Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó fa ìwé yọ, ó jókòó sídìí tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ọ̀rọ̀ bí wọ́n ti ń ṣe é ní kóòtù.

"Oṣù wo lẹ kó dé?"

"Á tó... oṣù kẹjọ, sà."

"Oṣù kẹfà ni. Òjò ń rọ̀. Ìyàwó rẹ gbé orí ẹ̀rọ ìránṣọ mọ́ àyà bí ọmọ tuntun, ó ṣí gèlè, ó fi bò ó. Òun fúnra rẹ̀ rin gbingbin." Ó kọ ọ́. "Àwọn wo ló ń ránṣọ fún?"

Jórinjórin ronú. Ó mọ ìró ẹ̀rọ náà. Kò mọ ẹni tó ń wọ aṣọ.

"Kò burú," ni Bàbá wí, ó ń kọ̀wé lọ. Nígbà tó ṣe, ó gbé ìwé sún mọ́ ojú, ó kà á sókè: "Láti oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kẹrin, kò sí òwúrọ̀ kan tí obìnrin yìí kò wá sí ilé mi láti wẹ ìyàwó mi, àti láti yí i padà lórí ibùsùn, títí tí ìyàwó mi fi kú."

Jórinjórin mọ̀ pé ìyàwó òun ń tètè jáde nígbà náà. Ó rò pé oníbàárà ló ń lọ bá. Ó sì mọ̀ pé ìyá onílé kú. Ó rí àga tí wọ́n tò sí àgbàlá lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yìn ilé ló gbà jáde.

"Ẹ kú ará fẹ́ra kù, sà," ló wí. Ọ̀rọ̀ náà wúwo lẹ́nu rẹ̀ bí irin.

Bàbá dáwọ́ dúró. "O ṣeun. Ó di ọdún kan àti oṣù márùn-ún." Ó fọwọ́ sí ìwé, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i kó lè gbẹ. "Ti ìyàwó rẹ kò nira láti kọ. Ká ní ìwọ ni wọ́n ní kí n jẹ́rìí sí, Wẹ́dà, mi ò mọ ohun tí ǹ bá kọ. Mò ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ láàárọ̀, mò ń gbọ́ ọ nírọ̀lẹ́. Mi ò lè búra pé ènìyàn ni."

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Jórinjórin ní èsì; ọdún mẹ́rin ló ti ń pọ́n ọn sílẹ̀. Ó la ẹnu, ó rẹ̀ ẹ́, ó pa á dé. "Ẹ ṣé, sà."

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ló kù kí wọ́n ti fèrèsé nígbà tó padà dé. Obìnrin inú gíláàsì ka lẹ́tà náà dé ìsàlẹ̀, ó tún padà sí àárín rẹ̀, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ó gbé ojú sókè wo ìyàwó. Lẹ́yìn náà ló lu òǹtẹ̀. "A ti gbà á. Ó kéré tán, oṣù mẹ́ta. A ó pe ẹ̀yin méjèèjì."

"Kí ni Bàbá wí?" ni ìyàwó bi í nínú ọkọ̀.

"Wọ́n kọ ọ́ dáadáa."

Ìyàwó ti sùn kí wọ́n tó dé ibùdókọ̀ kejì, orí rẹ̀ ń gbá èjìká ọkọ rẹ̀ bí ọkọ̀ ti ń bọ́ sí kòtò.

Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n wọ àgbàlá. Obìnrin tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwọn ń ká aṣọ gbígbẹ lórí okùn. Jórinjórin dúró. Ó ya ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu, nítorí kì í dúró.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Ìyá..." Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ há sí. Ó tẹ orí sí etí ìyàwó rẹ̀. "Kí ni wọ́n ń pe ọmọ rẹ̀?"

"Èwo nínú wọn?" Ìyàwó ń wò ó, oorun ṣì wà lójú rẹ̀. "Mẹ́ta ni wọ́n."

Obìnrin náà ti dáwọ́ dúró nídìí okùn, aṣọ ọmọdé kan lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń retí kí ó kí òun tán.