Ẹni Tí Yóò Dúró ní Ṣọ́ọ̀tù

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kejì, ọdún 1981, Kóòṣì Olóyèdé ka orúkọ àwọn tíṣà tí yóò gba bésìbọ́ọ̀lù fún agbègbè Ọ̀sì. Orúkọ Lazarus kò sí níbẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀sì kìíní, Japhet," ni kóòṣì wí. Ọyẹ́ ń fẹ́ etí ìwé ọwọ́ rẹ̀ lù ú ní àtàǹpàkò. "Bẹ́ẹ̀sì kejì, Adégbìtẹ́. Bẹ́ẹ̀sì kẹta, mi ò tíì mọ ẹni tí mo máa fi síbẹ̀. Ṣọ́ọ̀tù, Ayọ̀rìndé."

Lazarus ń so okùn bàtà rẹ̀ lọ́wọ́. Kò gbé orí sókè. Ó so ó tán, ó tú u, ó tún un so.

"Kóòṣì," ni Japhet wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún èyí tó gbẹ̀yìn yẹn kà. Ó jọ pé ọyẹ́ kó sí yín lójú."

"Ayọ̀rìndé ni mo pè. Ojú mi mọ́."

Ẹ̀rín tó fẹ́ sọ lábẹ́ igi káṣú kò sọ mọ́. Gbogbo wọn ń wo Lazarus.

Àwọn ará Ọ̀sì kò fi bẹ́ẹ̀ mọ eré náà. Bọ́ọ̀lù onígi ni wọ́n ń pè é. Ẹnì kan yóò ju bọ́ọ̀lù, ẹnì kan yóò fi igi gbá a, yóò sì máa sáré láti bẹ́ẹ̀sì dé bẹ́ẹ̀sì. Bí wọ́n bá mú bọ́ọ̀lù náà kó tó kan ilẹ̀, ẹni tó gbá a ti jáde nìyẹn. Àpò ìrẹsì tí wọ́n rọ yanrìn sí ni wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀sì. Ṣọ́ọ̀tù ni àyè tó wà láàárín bẹ́ẹ̀sì kejì àti ìkẹta, ibẹ̀ ni bọ́ọ̀lù sì máa ń wá jù. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá yá kò lè dúró níbẹ̀. Láti ọdún 1977, Lazarus ló ń dúró níbẹ̀.

"Kóòṣì, ẹ jẹ́ kí n béèrè nǹkan kan," ni Lazarus wí níkẹyìn. "Nígbà tí pápá yìí jẹ́ igbó, ta ló ṣán an?"

"Ẹ̀yin ni."

"Èmi àti Japhet. Ọjọ́ mọ́kànlá la fi ṣán an. Díẹ̀ ló kù kí ejò bu Japhet jẹ níbi tẹ́ ẹ dúró sí yẹn. Ta ló ru yanrìn wá láti odò?"

"Lazarus, mi ò sọ pé ẹ ò ṣiṣẹ́. Ẹni tí yóò mú bọ́ọ̀lù ni mò ń wá, kì í ṣe ẹni tó ru yanrìn."

"Ẹni tó dé lóṣù Kẹsàn-án ló wá mọ̀ ọ́n mú jù?"

Kóòṣì ká ìwé náà. Ọmọ Ìlọrin ni, kò mọ bí wọ́n ṣe ń yí ọ̀rọ̀ po. "Bẹ́ẹ̀ ni," ló fèsì.

Ayọ̀rìndé wà lẹ́yìn wọn, ó dúró, kò jókòó, nítorí pé àwọn àgbà ló wà lórí bẹ́ǹṣì. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni. Ní ọdún 1970, Lazarus ló kọ́ ọ ní kíláàsì karùn-ún. Nígbà náà Lazarus kò tíì ní ìwé ẹ̀rí kankan. Ọdún mẹ́rin àti oṣù méjì ló fi lọ sí ilé-ìwé alẹ́ kó tó gba Gíréèdì Tuù, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì fìdí rẹmi nínú ìṣirò. Ayọ̀rìndé gba ọ̀nà tààrà lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Ìlọrin, ibẹ̀ ló ti kọ́ eré náà lábẹ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n.

"Sà," ni Ayọ̀rìndé wí, "tó bá jẹ́ nítorí tèmi ni, mo lè dúró síbòmíràn."

"Ta ló bi ọ́ léèrè?" ni Lazarus wí. Kò wẹ̀yìn.

Kì í ṣe eré lásán ni wọ́n ń jà sí. Ní ọjọ́ keje oṣù Kẹta, wọn yóò lọ pàdé àwọn tíṣà agbègbè mìíràn ní Òmù-Àrán. Àwọn ọkùnrin méjì yóò wá láti Ìlọrin wá wò wọ́n. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ mú ní agbègbè Ọ̀sì, tí yóò lọ kọ́ iṣẹ́ kóòṣì fún ọdún kan, tí owó oṣù rẹ̀ kò sì ní dúró. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni Lazarus. Ó mọ̀ pé bí òun kò bá bá èyí lọ, kíláàsì karùn-ún ni òun yóò ti fẹ̀yìn tì. Àwọn tó ń wòran kì í sì í wo ẹlòmíràn bí wọ́n ṣe ń wo ṣọ́ọ̀tù.

"Ẹ fi Tíṣà Lazarus sí bẹ́ẹ̀sì kẹta," ni Japhet wí. "Wọ́n ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Wọn ò ṣáà sọ fún wa ẹni tó dúró sí bẹ́ẹ̀sì kẹta lọ́jọ́ náà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, kóòṣì náà rẹ́rìn-ín. Bí Lazarus ṣe dé bẹ́ẹ̀sì kẹta nìyẹn. Ṣùgbọ́n kóòṣì fi òfin kan tì í.

"Bí bọ́ọ̀lù bá ròkè láàárín ẹ̀yin méjèèjì, ṣọ́ọ̀tù ni yóò pè é. Tó bá ti lè ní 'Tèmi!', Lazarus, ẹ fi sílẹ̀ fún un, kẹ́ ẹ yà kúrò lọ́nà. Ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ti ń fọ́ ara wọn léegun."

"Kí ó pariwo mọ́ mi? Èmi tí mo kọ́ ọ ní táìmù tébù?"

"Kí ó pariwo mọ́ yín. Tẹ́ ẹ bá ti wọ inú ìlà yẹn, kò sí tíṣà níbẹ̀."

Ìbọ̀wọ́ márùn-ún péré ni ìjọba fún wọn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kóòṣì gba ti ọwọ́ Lazarus, èyí tó ti ń fi àdín pa láti ọdún mẹ́rin kí awọ rẹ̀ má baà le, ó gbé e fún Ayọ̀rìndé. Èyí tí àtàǹpàkò rẹ̀ ti ya ló fún Lazarus. Ayọ̀rìndé fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó tẹríba díẹ̀ fún Lazarus. Ìtẹríba yẹn dun Lazarus ju ìbọ̀wọ́ lọ.

Nígbà tó dé ilé, Keziah ìyàwó rẹ̀ ń bẹ ẹ̀gẹ́ ní ẹ̀yìnkùlé.

"Bàbá Leah, ẹ káàbọ̀. Ayọ̀rìndé ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níbí ni."

"Kí ló wá ṣe?"

"Ó gbé iṣu mẹ́ta wá. Ó ní kí n bá òun bẹ̀ yín. Ó ní òun yóò sọ fún kóòṣì pé ẹsẹ̀ ń dun òun, kẹ́ ẹ lè dúró sí àyè yín lọ́jọ́ náà."

Lazarus wo iṣu náà. Ó tóbi. "Dá a padà."

"Kí ni mo fẹ́ sọ fún un?"

"Sọ fún un pé èmi kì í ṣe alágbe. Ó fẹ́ fi àyè mi ta mí lọ́rẹ."

Keziah gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Ṣé ẹ mọ ohun tó ń ṣe yín? Ká ní ọmọ yẹn ń rí yín fín ni, ara ìbá tù yín."

Òótọ́ ni, Lazarus sì bínú sí i pé ó mọ̀ ọ́n.

Ọ̀sẹ̀ méjì ààbọ̀ ni wọ́n fi múra. Lójoojúmọ́ ni Lazarus ń gbọ́ bí bọ́ọ̀lù ṣe ń wọ ìbọ̀wọ́ Ayọ̀rìndé, ó ń dún pàá, bíi kí èèyàn pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún tó ń wòran ti ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bíi ti Ayọ̀rìndé. Ohun kan ṣoṣo ni Ayọ̀rìndé kò lè ṣe. Bí bọ́ọ̀lù bá ròkè, yóò ní, "Tèmi ni, sà," ohùn rẹ̀ yóò kéré bíi ti ẹni tó ń tọrọ omi lálejò. Lazarus yóò sì mú bọ́ọ̀lù náà.

Japhet yóò sì máa sín in jẹ láti bẹ́ẹ̀sì kìíní: "Ẹ dákun sà! Ẹ má bínú sà! Bọ́ọ̀lù ti já bọ́ sà!"

Kóòṣì mú Ayọ̀rìndé lọ síwájú igi káṣú, ó ní kó pariwo "Tèmi!" mọ́ igi náà ní ogún ìgbà. Ó ṣe é. Ó dára gan-an sí igi. Bó bá padà dé ẹ̀gbẹ́ Lazarus, ohùn náà á tún lọ.

Ní Sátidé, ọjọ́ keje oṣù Kẹta, èrò pọ̀ ní Òmù-Àrán. Àwọn ọkùnrin méjì tó ti Ìlọrin wá jókòó sórí àga lábẹ́ agbòjò, ọ̀kan sanra, èkejì mú ìwé àti bírò dání. Eré ti fẹ́ parí, agbègbè Ọ̀sì sì fi àmì-ayò kan ṣoṣo ṣíwájú. Ayọ̀rìndé ti mú bọ́ọ̀lù mẹ́fà lọ́jọ́ náà. Lazarus ti mú ọ̀kan. Gbogbo ìgbà tí Ayọ̀rìndé bá mú un ni Lazarus máa ń wo abẹ́ agbòjò, gbogbo ìgbà náà ló sì ń rí i tí bírò ń lọ.

Ẹni ìkẹyìn lọ́dọ̀ àwọn alátakò gbá a. Bọ́ọ̀lù náà ròkè gan-an, ó dúró bíi pé kò ní wálẹ̀ mọ́, ó wá ń bọ̀ sí àárín Lazarus àti Ayọ̀rìndé.

"Tèmi!"

Ohùn náà dún ketekete. Kò sí sà níbẹ̀. Lazarus gbọ́ ọ dáadáa. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ̀ pé ó yẹ kó yà. Ó tún sáré sí i.

Ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ba Ayọ̀rìndé, àwọn méjèèjì ṣubú, Ayọ̀rìndé wà lábẹ́. Lazarus gbọ́ bí nǹkan kan ṣe kán. Nígbà tó dìde, bọ́ọ̀lù náà wà nínú ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Eré parí. Agbègbè Ọ̀sì borí. Èrò hó.

Ayọ̀rìndé jókòó sílẹ̀, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lé itan. Ọwọ́ náà ti yí sódì.

Ọkùnrin oníbírò wọ inú pápá wá. "Eré yìí dára, àmọ́ mo ní láti béèrè. Ta ló pè é?"

Lazarus mọ ohun tó ń béèrè. Bí ẹni kankan kò bá pè é, ẹni tó mú un ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Bí ṣọ́ọ̀tù bá pè é, ẹni tó mú un kò yẹ ní ẹni tí wọ́n ń fi ṣe kóòṣì.

"Mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pè é," ni Lazarus wí.

Ọkùnrin náà yíjú sí Ayọ̀rìndé. "Ìwọ ńkọ́? Ṣé o pè é?"

Òógùn bò ó lójú. Ó wo Lazarus, kò pẹ́ púpọ̀. "Rárá, sà," ló wí. "Mi ò pè é."

Japhet ti sáré dé. Ó ya ẹnu rẹ̀ láti sọ̀rọ̀, ó wo Ayọ̀rìndé, ó sì pa ẹnu rẹ̀ dé. Láti ìgbà tí Lazarus ti mọ̀ ọ́n, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí kò rí àwàdà ṣe.

Ìwé dé ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin. Orúkọ Lazarus ló wà lára rẹ̀. Ó gbé e sórí tábìlì níwájú Keziah, ó ń retí kó yọ̀.

Keziah kà á tán, ó dá a padà sínú àpò ìwé rẹ̀. "Japhet wá síbí lánàá. Ó ní òun gbọ́ ohùn ọmọ yẹn láti bẹ́ẹ̀sì kìíní. Bàbá Leah, ibo lẹ wà, ẹ̀yin, tẹ́ ò fi gbọ́?"

Lazarus gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó gun ún lọ sí Ìdọ̀fin. Ilé bàbá kan tó ń to eegun ni Ayọ̀rìndé wà. Wọ́n fi pákó há ọwọ́ rẹ̀, wọ́n sì dì í. Bó ti rí Lazarus, ó fẹ́ dìde.

"Jókòó," ni Lazarus wí. Òun náà jókòó. "Mo gbọ́ ọ."

"Mo mọ̀, sà."

"O mọ̀?"

"Ẹ wo ojú mi kẹ́ ẹ tó sáré."

"Kí ló dé tó o fi wá ní o kò pè é?"

Ayọ̀rìndé ń wo ọwọ́ rẹ̀ tó wà nínú pákó. "Ẹ ti sọ tiyín, sà. Tí mo bá ní mo pè é, ẹ̀yin lẹ máa di òpùrọ́ níwájú gbogbo èèyàn, tí Tíṣà Japhet náà á sì jẹ́rìí sí i. Mi ò fẹ́ fi ojú mi rí ìyẹn. Ẹ ti kọ́ mi rí. Ẹ lọ kọ́ iṣẹ́ yín, sà. Wọ́n ní ọwọ́ náà yóò san."

Lazarus jókòó síbẹ̀. Ó yẹ kí ojú tì í, ojú sì tì í. Ṣùgbọ́n lábẹ́ ìtìjú náà, ohun àtijọ́ yẹn ṣì wà níbẹ̀, ó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Èyí náà, ọmọ náà mọ̀ ọ́n ṣe jù ú lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí aago iléèwé tó lù, ó kọ lẹ́tà kan sí Ìlọrin. Gbólóhùn mẹ́rin ni. Ó kọ ọ́ pé Ayọ̀rìndé pè é, pé òun gbọ́ ọ, pé òun kò yà fún un, pé kí wọ́n fún un ní àyè náà. Ó fi ìwé tiwọn sínú rẹ̀, ó sì gbé e fún Kóòṣì Olóyèdé. Kóòṣì kà á lórí ìdúró. Kò bú u, kò sì yìn ín. Ó ní òun yóò mú un lọ.

Èsì dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n ní àwọn kò lè mú ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kán, àwọn kò sì ní mú Lazarus náà mọ́. Tíṣà kan láti agbègbè mìíràn ni wọ́n fún ní àyè náà. Ọwọ́ ọ̀tún Ayọ̀rìndé san, ṣùgbọ́n kò nà tán mọ́, kò sì lè fi ju bọ́ọ̀lù mọ́.